Tíṣà Ní Kí Ẹ Lọ Béèrè Lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́: Kí Lẹ Máa Béèrè, Ta Lẹ Máa Bi?

Iṣẹ́ àṣetiléwá yìí kì í sábà ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ kàn sí ilé-iṣẹ́ kan, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn.” Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó láti kọ lẹ́tà ló tó máa ń yé e pé òun ò mọ ẹni tí òun máa kọ ọ́ sí, òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ gbọ́ gan-an, òun ò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa fèsì. Ọ̀pọ̀ wọn á wá ṣe èyí tó yá jù. Wọ́n á ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ńlá kan, wọ́n á mú àdírẹ́sì ímeèlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á kọ ọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbogbo nǹkan nípa ilé-iṣẹ́ yín fún mi, ọ̀la ni mo máa fi sílẹ̀.” Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í rí èsì. Kì í ṣe pé ẹni tó kà á burú. Kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ní dà bí ìwé tó wà lórí pẹpẹ, pé ẹnì kan kàn máa nawọ́ mú un sọ̀ kalẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ mọ̀, apá kan ti wà níta, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Apá kan jẹ́ àṣírí, wọn ò sì ní sọ ọ́ bó ti wù kí ẹ bẹ̀ wọ́n tó. Apá tó kù ò sí nínú ìwé kankan. Orí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ ló wà. Apá ìkẹyìn yìí ni tíṣà ń rán yín lọ wá. Bí ẹ bá lọ béèrè èyí tó ti wà níta, ẹ fi àkókò wọn ṣòfò. Bí ẹ bá béèrè àṣírí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tí iṣẹ́ yìí fi ń dára ni kí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ kọ́kọ́ ka èyí tó wà níta

Ẹ fún kíkà ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ máa gbé ìròyìn ọdọọdún jáde. Ní Amẹ́ríkà, Form 10-K ni wọ́n ń pe ìròyìn náà, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba tó ń jẹ́ EDGAR. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK), àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Companies House ló ń tọ́jú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, títí kan èyí tó kéré, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó rí i. Ìwé mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í rántí ni ìkéde iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń wá òṣìṣẹ́, ó máa ń kọ ẹ̀rọ tí ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò, wákàtí tó máa ṣe, ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Èèyàn lè mọ ìdajì ètò ilé-iṣẹ́ kan látinú ìkéde mẹ́ta péré. Ohun tí àwọn oníbàárà kọ nípa wọn náà wúlò, pàápàá ẹ̀sùn tó bá ń jáde léraléra.

Kíkà yìí ní èrè mìíràn. Ẹni tó bá bi ilé ìtàwé pé, “Aago mélòó lẹ ń ṣí?” nígbà tó wà lára ilẹ̀kùn wọn, ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò wo ibì kankan. Ẹni tó bá sọ pé, “Mo rí i pé ẹ ti dẹ́kun títa ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kí ló fà á?” ti fi hàn pé òun mọ ibi tí òun ń lọ. Ẹni kejì yìí ni wọ́n máa jókòó tì.

Ohun tí wọn ò ní sọ, àti bí ẹ ṣe lè béèrè rẹ̀ lọ́nà mìíràn

Èrè tí wọ́n ń jẹ, iye tí wọ́n ń ra ọjà kí wọ́n tó tà á, orúkọ ẹni tó ń kó ọjà wá, owó oṣù òṣìṣẹ́, orúkọ àwọn oníbàárà: wọn ò ní sọ ìwọ̀nyí fún àlejò. Ìdí rẹ̀ ni pé wọn ò mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni yín lóòótọ́ tàbí ẹni tí alátakò wọn rán. Ní ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà lọ́jà, òṣìṣẹ́ tó bá sọ iye owó tí wọ́n pa kí wọ́n tó kéde rẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́, ó sì lè dé kóòtù. Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè ìgbà tí wọ́n ń kó owó lọ sí báǹkì, ibi tí kámẹ́rà wà, tàbí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ ààbò. Ìbéèrè kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó láti sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Síbẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ̀ kì í sábà jẹ́ iye owó náà gan-an. Ó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ni. Nítorí náà, ẹ fi iye sílẹ̀, kí ẹ béèrè ìtòlẹ́sẹẹsẹ tàbí ìpín. Dípò “Èló lẹ ń jèrè lóṣù?”, ẹ sọ pé, “Nínú owó ọjà, owó òṣìṣẹ́, owó ilé àti owó iná, èwo ló ń gba owó jù lọ́wọ́ yín, èwo ló tẹ̀ lé e?” Dípò “Ta ló ń kó ọjà fún yín?”, ẹ sọ pé, “Kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó gbà láti máa ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan?” Dípò “Oníbàárà mélòó lẹ ní?”, ẹ sọ pé, “Nínú mẹ́wàá tó bá wọlé lónìí, bíi mélòó ló ti wá rí?” Ẹni tó ń ṣe òwò á dáhùn àwọn ìbéèrè yìí láìfòyà, torí pé kò sí ohun tí alátakò máa fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin náà á sì rí ohun tí ẹ lè kọ.

Oríṣi ìbéèrè kan wà tó sàn ju gbogbo wọn lọ: èyí tó ń wádìí ohun kan pàtó tó ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá bi mánéjà pé, “Báwo lẹ ṣe ń bójú tó ọjà tó wà nílẹ̀?”, á dá yín lóhùn bíi ti ìwé ìpolówó: “A ní ètò tó péye, oníbàárà sì ni ọba lọ́dọ̀ wa.” Ẹ ò lè fi ìyẹn kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé, “Nígbà tí ọjà kan tán lójijì gbẹ̀yìn, kí lẹ ṣe lọ́jọ́ náà?” Ó di dandan kó rántí. Á sọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i, ẹni tó pè, iye ọjọ́ tó gbà, ohun tí wọ́n sọ fún oníbàárà tó ń dúró, àti ohun tí wọ́n ti yí padà látìgbà náà. Gbogbo ètò ilé-iṣẹ́ náà á jáde látinú ìtàn kan.

Ta lẹ máa bi?

Ní ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹni tó ni ín gan-an ló yẹ kí ẹ bi, ó sì sábà máa ń wà nítòsí. Ní èyí tó tóbi díẹ̀, mánéjà ni. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, àdírẹ́sì tó wà fún ẹ̀sùn oníbàárà kò wúlò: iye ẹ̀sùn tí wọ́n parí lójúmọ́ ni wọ́n fi ń wọn àwọn tó ń dáhùn níbẹ̀, lẹ́tà yín kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ wá ẹ̀ka tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, tàbí èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aráàlú. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà káàkiri ló máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ jù. Ẹni tó wà nídìí káńtà níbẹ̀ lè mọ iṣẹ́ náà dunjú, kí inú rẹ̀ sì dùn láti sọ̀rọ̀, àmọ́ kí òfin ilé-iṣẹ́ má gbà á láyè. Ẹ bi í tààrà: “Ṣé wọ́n gbà kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yín, àbí ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí?” Ìbéèrè yẹn ń dáàbò bò ó.

Bí iṣẹ́ náà kò bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan, kékeré ni kí ẹ mú. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú òwò kan náà tún dára. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní akọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti ṣàlàyé òwò náà fún ará ìta, ó sì lè darí yín sí ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn láti máa kọ́ ọmọdé.

Ẹ má fi gbogbo ìrètí sórí ilé-iṣẹ́ kan. Bí ẹ bá nílò ìdáhùn méjì, ẹ kọ̀wé sí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí ẹ wá kọ ìránnilétí kan péré, kó má ju gbólóhùn méjì lọ, lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ kí wọ́n má bàa tún máa wá a. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá tún kọjá, ẹ pè. Lẹ́yìn ìpè yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé nígbà mẹ́rin ti di ìyọlẹ́nu, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín ni wọ́n sì máa rántí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá dé lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́tà náà

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Ẹni tó máa ka lẹ́tà yín wà lẹ́nu iṣẹ́, orí fóònù ló sì ṣeé ṣe kó ti kà á. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ fẹ́, ìgbà tí ẹ fẹ́ ẹ, iye àkókò tó máa gbà, ẹni tó máa ka ìdáhùn rẹ̀, àti bó ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ lẹ̀ ń sọ. Ìbéèrè mẹ́rin tó, márùn-ún ló pọ̀ jù. Ẹ wo bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe lè kọ ọ́ sí ilé ìtàwé:

*Àkọlé: Ìbéèrè mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, nípa bí ẹ ṣe ń yan ìwé (ìṣẹ́jú mẹ́wàá)*

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ mi ni (orúkọ), mo sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òwò ní (ilé-ẹ̀kọ́). Wọ́n ní ká wádìí bí ilé ìtàwé ṣe ń pinnu iye ẹ̀dà tó máa rà. Mo rí i lórí ìkànnì yín pé ẹ máa ń gba ìwé àlòkù lọ́wọ́ oníbàárà, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn yín.*

*1. Bí ìwé tuntun bá jáde, kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó mọ iye ẹ̀dà tí ẹ máa rà?*
*2. Ìwé wo ló tán láìpẹ́ yìí tí ẹ ò retí pé á tán, kí lẹ sì ṣe?*
*3. Nínú ìwé mẹ́wàá tí ẹ bá rà, bíi mélòó ló máa ń pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ lórí pẹpẹ?*
*4. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé àlòkù wá, ta ló ń pinnu iye tí ẹ máa fún un, kí ló sì máa ń wò?*

*Ẹ lè kọ ìdáhùn sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tàbí kí n pè yín ní àkókò tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Tíṣà mi nìkan ló máa ka iṣẹ́ náà. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí orúkọ yín wà níbẹ̀, mi ò ní kọ ọ́. Mo nílò ìdáhùn kó tó di ọjọ́ 18 oṣù yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ lè kọ̀wé sí tíṣà mi ní (àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́). Ẹ ṣé púpọ̀.*

Ẹ wo àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, pé ìbéèrè mẹ́rin ni, pé kò ní pẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ó jẹ́ kánjúkánjú” ni àwọn gbájúẹ̀ náà máa ń kọ, ẹ̀rọ tó ń ya lẹ́tà burúkú sọ́tọ̀ sì lè jù ú dà nù kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Nítorí ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ yìí kan náà, ẹ má ṣe so fáìlì mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Wọ́n ti kọ́ òṣìṣẹ́ níbi púpọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣí fáìlì tí àjèjì bá fi ránṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ tẹ líǹkì. Bí ìbéèrè yín bá wà nínú fáìlì Word tàbí lórí Google Forms, ẹni tó fẹ́ràn yín jù pàápàá lè má lè ṣí i. Inú lẹ́tà gan-an ni kí ẹ kọ ìbéèrè sí. Àdírẹ́sì ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ lò bí ẹ bá ní ọ̀kan.

Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá ní àdírẹ́sì, tó jẹ́ pé àpótí tí wọ́n ní kí ẹ kọ̀rọ̀ sí lórí ìkànnì ni, ẹ kọ lẹ́tà náà síbòmíràn ná, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìwọ̀n, ó lè gé lẹ́tà yín lójú ọ̀nà. Kì í sì í fi ẹ̀dà sílẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ máa nílò ẹ̀dà yẹn bó bá yá.

Bí ẹ bá ń pè, ẹ yẹra fún wákàtí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí, ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn, àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àti ìparí oṣù nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù kì í sábà jẹ́ ẹni tí ẹ ń wá, torí náà ẹ má ṣe ka gbogbo ìbéèrè yín sí i létí. Ẹ sọ orúkọ yín, ilé-ẹ̀kọ́ yín, pé ẹ ní ìbéèrè mẹ́rin nípa bí wọ́n ṣe ń yan ọjà, kí ẹ sì béèrè ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù àti ìgbà tí ẹ lè bá a. Bí wọ́n bá ti so yín pọ̀ mọ́ ọn, “Ṣé àkókò yìí rọ̀ yín lọ́rùn?” ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ipò tó wà. Kò sí ohun tó ń bí èèyàn nínú tó kó ṣe wọ́n lóore, kí wọ́n sì ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

Ẹ má ṣe bí ẹni pé oníbàárà ni yín

Èyí ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń rò pé kò ní wàhálà. Ó mọ̀ pé wọ́n ń yára dá ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lóhùn, ó wá kọ̀wé bí ẹni pé ó fẹ́ rà. Ó ní kí wọ́n ṣírò iye tí wọ́n máa gbà láti kun ilé oníyàrá mẹ́rin, tàbí láti tẹ ẹgbẹ̀rún kan ìwé. Kò rí ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè náà. Ẹnì kan á jókòó ṣírò ọ̀dà àti iye ọjọ́. Ó lè ní òun ń bọ̀ wá wọn ògiri. Ó lè pe ẹni tó ń tà á ní bébà láti mọ iye tó wà lọ́jà. Ààbọ̀ ọjọ́ lè lọ sí i, nítorí iṣẹ́ tí kò sí.

Àwọn tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ko wàhálà nípa irú èyí. Lọ́dún 2001, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Columbia kọ lẹ́tà sí ilé oúnjẹ 240 ní New York, ó sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé oúnjẹ tí òun jẹ níbẹ̀ mú òun ṣàìsàn gidigidi. Irọ́ ni, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó mú ẹ̀sùn wá lóhùn ni. Àwọn tó gba lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé ìdáná wọn wò, wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ tó jẹ̀bi. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà tọrọ àforíjì, àmọ́ àwọn kan lára wọn gbé e lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Princeton lo orúkọ tí kò sí láti kọ ímeèlì sí àwọn tó ni ìkànnì, wọ́n ń béèrè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé òfin tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí aráàlú, wọ́n sì mẹ́nu ba iye ọjọ́ tí òfin fún wọn láti fi dáhùn. Ìwádìí lásán ni lójú àwọn tó kọ ọ́. Lójú ẹni tó ń dá ṣe ìkànnì kékeré, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ pè é lẹ́jọ́. Àwọn mìíràn lọ bá lọ́yà. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró, olórí rẹ̀ sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti ní kò sí wàhálà tẹ́lẹ̀, torí pé ìbéèrè nípa ètò ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe nípa ènìyàn. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ènìyàn ló ń ka lẹ́tà ilé-iṣẹ́.

Nítorí náà, bí iye owó lẹ nílò, ẹ sọ pé: “Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò fẹ́ ra nǹkan. Ṣé ẹ lè sọ iye tí owó irú iṣẹ́ báyìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó ń mú kó wọ́n sí i?” Ìṣẹ́jú méjì ni ìyẹn máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún tíṣà

Kíláàsì tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 35 lè kọ lẹ́tà 35 sí ilé-iṣẹ́ kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, torí pé òun ló sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jù. Àkọ́kọ́ á rí èsì tó gùn, ìkẹta á rí gbólóhùn kan, àwọn yòókù ò ní rí nǹkan kan, ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó mú síbẹ̀, kí ẹlòmíràn má sì mú un mọ́. Tàbí kí ẹ fúnra yín pe ẹnì kan wá sí kíláàsì, kí gbogbo wọn bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fún wọn ní lẹ́tà ìfihàn tó ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lókè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fún èsì ní máàkì. Ìbéèrè tí ọmọ náà kọ, bó ṣe wá ẹni tó yẹ, àti ohun tó rí kọ́ ni kí ẹ fún ní máàkì. Ìgbà tí máàkì bá wà lórí èsì nìkan ni ọmọ tí wọn ò dá lóhùn máa ń jókòó hùmọ̀ ìdáhùn fúnra rẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tíì dàgbà, òbí tàbí tíṣà gbọ́dọ̀ rí lẹ́tà kó tó lọ. Kò gbọdọ̀ dá nìkan lọ sí ilé-iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ tàbí nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ sínú lẹ́tà.

Bí wọ́n bá gbà láti bá yín sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tó bá pé, ẹ sọ ọ́ jáde pé ó ti pé. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ìyẹn dára. Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ, kí ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ti ń gbà á, kí ìyọ̀ǹda náà lè wà nínú rẹ̀. Níbi púpọ̀, òfin ò gbà kí ẹnì kan gba ohùn ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ a máa já èèyàn kulẹ̀. Ẹ má ṣe ya fọ́tò tí ojú oníbàárà bá wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìpamọ́ àṣírí kalẹ̀ pé kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ má fọwọ́ sí i kí tíṣà tó rí i.

Bó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́. Ó ń ronú ni, ohun tó máa tẹ̀ lé e sì sábà máa ń dára ju ti ìṣáájú lọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni kó jẹ́: “Kí ló yẹ kí n béèrè tí mi ò béèrè?” Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ kan máa ń ní ohun kan tó wù ú kí ẹnì kan bi òun, ìbéèrè yìí ló sì ń mú un jáde.

Bí wọn ò bá dáhùn, àti bí ẹ ṣe máa kọ ọ́

Àìfèsì kì í ṣe òfo bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ya àtẹ kékeré kan: ọjọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́, ọ̀nà tí ẹ gbà kàn sí wọn, ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ. Bí mẹ́fà bá dákẹ́, ẹ fi àtẹ náà àti ẹ̀dà lẹ́tà yín sí ẹ̀yìn iṣẹ́, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí nínú ìwé tó wà níta, kí ẹ sì to àwọn ìbéèrè tó ṣẹ́ kù tí ẹnì kan nílé-iṣẹ́ nìkan lè dáhùn. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rí i pé ẹ ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá hùmọ̀ ìdáhùn, irọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń lé èèyàn nítorí rẹ̀. Ó rọrùn láti mọ̀ pẹ̀lú: tíṣà kàn máa gbé fóònù ni.

Ẹnì kan ló bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo òwò. Nítorí náà, ẹ má kọ pé “Àwọn ilé ìtàwé máa ń ra ẹ̀dà díẹ̀ ní àkọ́kọ́.” Ẹ kọ pé, “Ẹni tó ni ilé ìtàwé tí mo kàn sí sọ pé ẹ̀dà díẹ̀ lòun máa ń rà ní àkọ́kọ́.” Bí ìwé bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, ẹ fi méjèèjì hàn. Ní ti bí ẹ ṣe máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà, APA, ọ̀kan lára ìlànà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń lò fún ìtọ́kasí, ní kí ẹ dárúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀ nínú ìwé gan-an, láìfi í sínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí, torí pé òǹkàwé ò lè rí ọ̀rọ̀ yẹn kà níbì kankan. MLA, tó jẹ́ ìlànà mìíràn, ní kí ẹ fi í sínú àkójọ náà. Ẹ béèrè èyí tí tíṣà fẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣèlérí pé ẹ ò ní dárúkọ, ẹ wò ó dáadáa: “ilé ìtàwé kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa” ti dárúkọ wọn tán.

Kí iṣẹ́ tó wọlé, ẹ fi gbólóhùn tí ẹ máa fà yọ látẹnu ẹni náà ránṣẹ́ sí i, ìyẹn nìkan, kó lè sọ bóyá ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì tí ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ohun kan tí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí máàkì bá ti jáde, ẹ pa ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ rẹ́, kí ẹ yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú fóònù yín, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.